Òdo Nínú Ọgbọ̀n

Kọ́ọ̀sì kan ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí, èmi ni mo kọ́ ọ, ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà torí mo ṣì ń jẹun níbẹ̀, àti pé ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ níbòmíì á mọ̀ pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tòun náà, bóyá wọn ò kàn tíì ṣí báàgì wò ni. Ẹ máa gbọ́ ti báàgì tó bá yá.

STA 111 ni kọ́ọ̀sì náà, Descriptive Statistics, unit mẹ́ta, àwọn ọmọ ọdún kìíní ló ń ṣe é. Kì í ṣe ọmọ dipátímẹ́ǹtì wa nìkan o, àwọn Computer Science wà níbẹ̀, Economics wà níbẹ̀, Mathematics náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn á rọ́ wọ họ́ọ̀lù kan náà, àwọn tó bá pẹ́ á dúró sójú fèrèsé. Àwa mẹ́ta la pín in kọ́, ṣùgbọ́n èmi ni coordinator, ìyẹn ni pé tí ẹjọ́ bá délẹ̀, ọrùn tèmi ló ń já lé. CA, ìyẹn máàkì tẹ́ẹ̀sì tí à ń ṣe láàárín sẹ́mẹ́sítà, jẹ́ 30, ìdánwò ìparí sẹ́mẹ́sítà jẹ́ 70, ẹni tó bá ti gba 40 lápapọ̀ ti yege.

Nígbà tí mo pa máàkì pọ̀ tán, àwọn 612 ló ṣe ìdánwò, 263 ló gba F. Mo ka F yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa Excel yẹn dé, mo tún un ṣí, bóyá ọwọ́ mi ló ṣèèṣì kan nǹkan tí ò yẹ kó kàn. 263 ni ṣá.

Ká tó jókòó dáadáa nípàdé dipátímẹ́ǹtì, ìdí tí wọ́n fi fìdí rẹmi ti wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ẹnì kan ní TikTok ni. Ẹnì kan ní JAMB tó ń gba 140 wọlé ló ba nǹkan jẹ́, pé ọmọ tó gba 140 nínú 400, kí lẹ fẹ́ kó mọ̀. Ẹlòmíì ní láti sẹ́kọ́ńdírì ni wọn ò ti mọ ìṣirò, pé tí WAEC wọn bá jẹ́ tòótọ́ kí wọ́n wá ṣe é níwájú òun. Èmi náà ò dákẹ́ o, mo fi tèmi kún un, mo ní ojú mi ni wọ́n ṣe ń tẹ fóònù nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé standard deviation. Gbogbo wa sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, kò sí ẹnì kan nínú wa tó mú bébà kan lọ́wọ́.

Ògá wa, HOD, ìyẹn olórí dipátímẹ́ǹtì, tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, ló wá sọ pé, "Dókítà, ẹ fi máàkì mẹ́wàá kún un fún gbogbo wọn, ká gbé e lọ sí Faculty Board, ká sinmi." Ẹ má bínú sí wọn. Wọ́n mọ̀ pé tí ẹni tó fìdí rẹmi bá ti sún mọ́ ìdajì kíláàsì, fákọ́tì máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n sì ti rí tí wọ́n ń ṣe látọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn.

Mo lọ sílé, mo fi mẹ́wàá yẹn dán an wò lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Ẹni tó gba 62 di 72, B di A lófẹ̀ẹ́, ẹni tí ò béèrè nǹkan kan ló ń gba ẹ̀bùn. Ẹni tó gba 25 di 35, F náà ló ṣì jẹ́. Nínú 263 yẹn, 71 péré ni mẹ́wàá yẹn máa yọ. Ó dà bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jò níyàrá kan tó wá lọ kun gbogbo ilé ní ọ̀dà. Mo sọ fún ògá, wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, wọ́n gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Faculty Board dá a padà. Wọ́n ní mẹ́wàá láti ibo? Wọ́n ní ká lọ tún un wò, ká wá kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà yẹn ọ̀rọ̀ ti jáde síta. Class rep wọn ti kọ lẹ́tà sí Dean, olórí fákọ́tì. Bàbá ọmọ kan pè mí, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí nọ́ńbà mi, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n wá ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní òun ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn o." Mo dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ní a máa wò ó Sà, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún mo ń sọ pé bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ní kí ẹnìkejì mi tó wà ní dipátímẹ́ǹtì mú ìwé 50 níbi tó bá wù ú, kó tún un máàkì láì wo tèmi. Ó rí ibi mẹ́rin tí mo ti ro máàkì pọ̀ tí mi ò rò ó dáadáa, kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Máàkì ò ní wàhálà. Mo sinmi lórí ìyẹn, mo ní àwọn ọmọ ni nígbà náà.

Ohun kejì, sẹ́mẹ́sítà kejì ti bẹ̀rẹ̀, mo dá tutorial sílẹ̀ láràárọ̀ Sátidé. Ibì kan ni mo ti mú èrò yẹn. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Uri Treisman, ní yunifásítì Berkeley ní California, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ń fìdí rẹmi ní calculus níbẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ kí ló fà á, wọ́n ní àwọn ọmọ ò ní ìtara, wọn ò mọ ìpìlẹ̀, òbí wọn ò tì wọ́n lẹ́yìn, owó ò sí nílé. Ó wá mú 20 nínú àwọn ọmọ dúdú àti 20 nínú àwọn ọmọ Ṣáínà, ó ń tẹ̀ lé wọn káàkiri, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kàwé. Gbogbo ìdí tí wọ́n sọ yẹn ò dúró. Ohun tó rí ni pé àwọn ọmọ Ṣáínà máa ń pé jọ, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ yanjú ìbéèrè, wọ́n á máa tọ́ ara wọn sọ́nà, àwọn ọmọ dúdú sì ń dá kàwé, kálukú nínú yàrá ẹ̀. Ó dá ibi tí wọ́n ti lè jọ ṣe é sílẹ̀, nǹkan sì yí padà gan-an. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Mo pín àwọn ọmọ mi sí mẹ́fà mẹ́fà, mo fún wọn ní ìbéèrè tó le, mo ra bisikíìtì. Ohun tí mo wá rí nígbà tó yá ni pé apá tí ò yẹ kí n kọ́kọ́ mú ni mo mú nínú ìtàn yẹn. Pípé jọ ni mo mú. Ohun tó yẹ kí n mú ni pé ọkùnrin yẹn dìde lórí àga ẹ̀, ó lọ wò ó lójú ara ẹ̀ kó tó sọ pé nǹkan báyìí ló fà á.

Sátidé àkọ́kọ́, bíi 140 ló wá. Ìkejì, 60. Nígbà tó máa fi di ìkẹta, àwọn tó gba A àti B ló jókòó síwájú, wọ́n kó ìwé wọn jọ níwájú mi dáadáa, àwọn tí mo tìtorí wọn ra bisikíìtì ò yọjú. Inú bí mi. Mo pàdé ọ̀kan nínú wọn ní kọ́rídọ̀, ọmọkùnrin kan, mo ní kí ló dé tí o ò wá sí tutorial, ṣé F dùn mọ́ ọ ni? Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú Ma, kì í ṣe pé kò yé mi o. Mo gba 36 nínú 70." Mo ní ta ló sọ fún ẹ? Ó ní 35 tàbí 36 ló máa jẹ́ torí òun ka gbogbo ohun tí òun kọ. Àfojúdi ni mo kọ́kọ́ pè é. Mo dé ọ́fíìsì, mo wò ó: ìdánwò 36, CA 0, àròpọ̀ 36, F.

Mo pè é padà. Mo ní, ìwọ ò ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ó ní, "Mo ṣe é Ma. Mi ò tíì ní matric number nígbà yẹn, ẹ̀yin gan-an lẹ ní kí n fi nọ́ńbà JAMB kọ ọ́."

Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Torí pé òótọ́ ni, mo rántí.

Mo lọ bá sẹ́kítírì wa, gbogbo wa ń pè wọ́n ní Ìyá Ìbejì, wọ́n ti wà ní dipátímẹ́ǹtì yẹn kí n tó wọlé ṣe Master's. Mo ní Ìyá Ìbejì, ẹ ò rántí àwọn ìwé tẹ́ẹ̀sì kan? Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe èyí tó wà nínú Ghana Must Go yẹn? Ó ti pẹ́ tó ti ń dí mi lẹ́sẹ̀." Abẹ́ tábìlì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì tó ti kú láti ìjọ́un, báàgì búlúù àti funfun, sípù ẹ̀ ti já, wọ́n fi náílọ̀nù pure water so ó. Mo tú u. Ìwé 96. Gbogbo ẹ̀ pátá ni wọ́n ti máàkì. Báírò pupa mi ni, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni, 17, 21, 12, 24, mo yí òrùka sí ìdí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Portal wa, ìyẹn ojú òpó yunifásítì lórí ayélujára, kì í gba máàkì fún ẹni tí ò bá ní matric number, nọ́ńbà tí yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́, tí ò sì tíì forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbé CA sórí ẹ̀, àwọn 96 yẹn ò sí níbẹ̀. Mo ní tí nọ́ńbà wọn bá jáde màá pa dà wá. Nọ́ńbà jáde lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ti gbàgbé. Èyí tó wá burú jù ni pé tí o bá tẹ submit nígbà tí àyè ẹnì kan ṣófo, portal yẹn á fi 0 síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Kò ní sọ fún ẹ o. Nítorí náà nígbà tí mo ń wo rísọ́ọ̀tì, 0 ni mo ń rí, mo sì ń ka 0 yẹn sí ọmọ tó jókòó síwájú ìwé tí ò mọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ àyè tó ṣófo ni. Mo ń kọ́ wọn ní kíláàsì pé kí wọ́n má fi òdo rọ́pò data tí ò sí, ó wà nínú lẹ́kíṣọ̀ kejì mi gan-an!

Ẹ̀bi mi lèyí, mi ò ní fi ẹnikẹ́ni bojú.

Ṣùgbọ́n 96 ò lè sọ ìtàn 263. Mo wá lọ bá ọmọkùnrin kan ní ICT, ọ́fíìsì tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yunifásítì, a máa ń pè é ní Bọ̀dá Server, mo ní ṣé ẹ lè fún mi ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan forúkọ kọ́ọ̀sì yìí sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n á ní kí n lọ kọ lẹ́tà sí Director. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀ tipẹ́ Ma, kò kàn sẹ́ni tó béèrè rí ni." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó prínntì ẹ̀ fún mi, orúkọ 612, ọjọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tọ́sìdé ọ̀sẹ̀ karùn-ún la ṣe tẹ́ẹ̀sì. Mo tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, mo fa ìlà pupa síbi Tọ́sìdé yẹn. Àwọn 411 wà lókè ìlà, ìyẹn àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ká tó ṣe tẹ́ẹ̀sì, 92 ló gba F nínú wọn. Àwọn 201 wà nísàlẹ̀ ìlà. 171 ló gba F nínú wọn. Ẹ tún un kà: 171 nínú 201. Gbogbo àwọn 201 yẹn ló ní 0 nínú 30, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ẹni tó ní 20 nínú CA, 20 péré ló kù kó wá nínú 70 kó tó yege. Ẹni tó ní òdo gbọ́dọ̀ gba 40 nínú 70 yẹn. Ìdánwò kan náà, họ́ọ̀lù kan náà, ìlọ́po méjì ni ẹrù ẹnì kan. Síbẹ̀síbẹ̀ 30 nínú wọn yege pẹ̀lú òdo yẹn, àwọn 118 mìíì gba 25 sókè. Àwọn tí a ní TikTok ti jẹ ọpọlọ wọn nìyẹn o.

96 wà nínú báàgì. Àwọn 105 tó kù ńkọ́? Mo bi àwọn tó bá wa ṣọ́ tẹ́ẹ̀sì, àwọn ọmọ Master's ni, wọ́n ní àwọn lé wọn síta. Wọ́n ní ìwé ìlànà ló sọ ọ́, ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí nínú list kó jáde. Ní họ́ọ̀lù kan wọ́n lé wọn, ní họ́ọ̀lù kejì níbi tí èmi wà, mo ní kí wọ́n fi nọ́ńbà JAMB kọ ọ́. Ọmọ méjì tó jọ wá láti iléèwé kan náà, ẹnì kan yà sọ́tùn-ún, ẹnì kejì yà sósì, ohun tó pín wọn níyà nìyẹn.

Ó wá ku pé kí ló dé tí èèyàn 201 ò fi tíì forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kúrò ní kíláàsì.

Láti ọdún 2023 ni owó tí wọ́n ń san ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ti ń lọ sókè. Lóòótọ́ kò sí tuition fún àwọn tó ń gba degree àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn owó mìíì tí wọ́n fún lórúkọ pọ̀. Ìjọba wá gbé NELFUND, owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́, kalẹ̀, ààrẹ fọwọ́ sí òfin ẹ̀ ní April 2024, portal rẹ̀ ṣí ní May ọdún yẹn. Owó iléèwé yẹn kì í bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, àpò yunifásítì ló ń lọ tààrà, 20,000 náírà owó oúnjẹ lóṣù nìkan ló ń kan ọmọ lọ́wọ́. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ owó lè wọ àpò yunifásítì lónìí, kó tó hàn lórúkọ ọmọ kan pàtó lórí portal yunifásítì, ó tún dọjọ́ mìíì.

Ọmọbìnrin kan nínú àwọn 105 yẹn fi fóònù ẹ̀ hàn mí. Lójú òpó NELFUND, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti sanwó. Lójú òpó tiwa, pupa fòò ni, ó ṣì jẹ gbèsè. Ó lọ sí Bursary, ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó, wọ́n ní owó tó wọlé lódindi ni àwọn rí, àwọn ò tíì rí list ẹni tó ni ín. Ó lọ sí ICT, wọ́n ní tí Bursary bá ti fọwọ́ sí i làwọn tó lè ṣí i. Ó lọ sí Student Affairs, wọ́n ní kó ní sùúrù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é, ó máa ń wá sí kíláàsì mi láàárín ìgbà yẹn o, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé attendance tí wọ́n ń fọwọ́ kọ. Ti matric number náà tún wà níbẹ̀, Registry ò ní fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n á fi yẹ WAEC àti NECO ẹ̀ wò tán, iṣẹ́ wọn ni, tí wọn ò bá ṣe é ayédèrú máa wọlé. Mo dé ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra mi. Kò sí èyí tó parọ́, kò sì sí èyí tó ṣe ohun tí òfin ní kó má ṣe. Kálukú ló jókòó ti àga tiẹ̀, ọmọ nìkan ló ń rìn láàárín wọn.

Èwo ni ti ọ̀sẹ̀ karùn-ún gan-an? Ìyanṣẹ́lódì àwa olùkọ́ yunifásítì ní 2022 ni, èyí tó gba oṣù mẹ́jọ gbáko, 14 February sí 14 October. Látìgbà yẹn ni kàlẹ́ńdà wa ti ń sáré tẹ̀ lé ara ẹ̀, a ń fún sẹ́mẹ́sítà pọ̀ kó lè kúrú. Nígbà tí sẹ́mẹ́sítà bá kúrú, tẹ́ẹ̀sì á yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó mú kí ọjọ́ tí portal ń tì yá pẹ̀lú ẹ̀. Senate ló ń fọwọ́ sí kàlẹ́ńdà, Council ló ni ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ tèmi wà láàárín àwọn méjèèjì, bí ọmọ tí bàbá ní ti ìyá ni, tí ìyá ní ti bàbá ni.

Mo kó gbogbo ẹ̀ lọ bá HOD. Wọ́n wo ìlà pupa yẹn títí, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fi mẹ́wàá kún un." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbé fóònù wọ́n pe Dean.

Ìpàdé tí Dean pè ò rọrùn. Ti àwọn 96, kò sí àríyànjiyàn, ìwé wà níbẹ̀, máàkì wà níbẹ̀. Ti àwọn 105 nìjà. Mo ní ká fún wọn ní tẹ́ẹ̀sì mìíì. Prọ̀fẹ́sọ̀ àgbà kan, tó kọ́ èmi gan-an, dìde. Wọ́n ní òfin ò fàyè gba tẹ́ẹ̀sì àtúnṣe àyàfi tí dókítà bá kọ ìwé pé akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣàìsàn. Wọ́n ní tí a bá ṣílẹ̀kùn yìí, ọ̀lẹ tó sùn sílé lọ́jọ́ tẹ́ẹ̀sì á ní portal ló ṣe òun. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Dókítà, báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ọ̀lẹ?"

Àwọn kan níbẹ̀ rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni, torí mi ò ní èsì ẹ̀ nígbà tí mò ń bọ̀. Exam officer wa ló yanjú ẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gba ẹnu ọmọ gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ọ́, ọjọ́ tí ICT prínntì ni ká wò, àti attendance. Ẹni tí ọjọ́ ẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ìlà, tó sì wá sí kíláàsì dáadáa ká tó ṣe tẹ́ẹ̀sì, kó wá ṣe é. Ẹni tó wà lókè ìlà tí ò ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó di sẹ́ṣọ̀n tó ń bọ̀. Prọ̀fẹ́sọ̀ àgbà ní àwọn fara mọ́ ọn, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú minutes pé ẹ̀ẹ̀kan yìí ni.

A ṣe tẹ́ẹ̀sì náà. 88 ló wá nínú 105. Fọ́ọ̀mù àtúnṣe rísọ́ọ̀tì wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: HOD fọwọ́ sí i, Dean fọwọ́ sí i, ó dé Senate, Senate sún un sípàdé tó ń bọ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó oṣù mẹ́ta. Nígbà tó máa fi jáde, F ti kúrò ní 263, ó ti di 144. Àwọn 119 tó bọ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fi máàkì ẹyọ kan ta wọ́n lọ́rẹ. Àwọn kan ti fìtorí ẹ̀ pàdánù ìlérí tí alágbàtọ́ wọn ṣe fún wọn, ọmọ kan ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń sanwó ti sọ pé òun ò sanwó fún ẹni tó ń gba F. Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù kankan.

Sẹ́ṣọ̀n tó tẹ̀ lé e, a yí nǹkan padà, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní, dipátímẹ́ǹtì ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú nọ́ńbà JAMB, a ò ní lé ẹnikẹ́ni jáde níbi tẹ́ẹ̀sì mọ́. Ó dáa lẹ́nu. Nọ́ńbà JAMB gùn, lẹ́tà méjì tún wà nídìí ẹ̀, àwọn ọmọ kọ ọ́ ṣìṣe, a fi bí ọ̀sẹ̀ kan wá ẹni tó ni ìwé kiri lórí WhatsApp. A sọ tẹ́ẹ̀sì di méjì, ìkejì wá sí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìyẹn ló ṣèrànwọ́ jù, àmọ́ iṣẹ́ máàkì di ìlọ́po méjì fún àwa mẹ́ta náà tí ẹnikẹ́ni ò fi kún. Àwọn mọ́kànlá wá pẹ̀lú ìtàn portal, a wo ọjọ́ wọn, òkè ìlà ni gbogbo wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ wọ́n sì lọ. Prọ̀fẹ́sọ̀ àgbà ò kúkú ṣì í sọ.

Ti pé kí portal má sọ àyè òfìfo di òdo mọ́, ilé iṣẹ́ tó ni software ní owó ni. Nítorí náà ohun tí a ń ṣe ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tẹ submit títí exam officer á fi fọwọ́ sí list àwọn tí àyè wọn ṣófo, lórí bébà, pẹ̀lú báírò. Ti pé kí ọmọ lè forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí owó ẹ̀ tó hàn, fákọ́tì kọ ọ́ sókè, wọ́n yan ìgbìmọ̀ fún un. Ìgbìmọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ coordinator, tàbí exam officer, tàbí HOD tí rísọ́ọ̀tì bá burú lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tí màá ní kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó lọ sípàdé ò pọ̀. Ẹ má gbé àròpọ̀ nìkan lọ. Ẹ ya CA sọ́tọ̀, ẹ ya ìdánwò sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ICT ní i, ẹ kàn béèrè ni. Ẹ ka iye òdo tó wà ní CA, kẹ́ ẹ wá bi ara yín léèrè pé èwo ni òdo, èwo ni òfìfo. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi máàkì kan kún un fún gbogbo ayé, ẹ bá a ṣe é lórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ fi hàn án, ògá tèmi ìbá ti gbà tí mo bá fi hàn wọ́n dáadáa nígbà àkọ́kọ́ dípò kí n kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Tí ọmọ bá ní òun ṣe tẹ́ẹ̀sì, ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè é ní òpùrọ́. Kẹ́ ẹ sì bi sẹ́kítírì, torí àwọn ló ń jókòó sójú kan tí nǹkan fi ń dí wọn lẹ́sẹ̀.

Àwọn 92 tó wà lókè ìlà ńkọ́? Àwọn yẹn ni STA 111 ò yé lóòótọ́, àwọn ni mo wá pè sí Sátidé nígbẹ̀yìn, lórúkọ lórúkọ, kì í ṣe gbogbo kíláàsì. Wọ́n wá. Nígbà tí ariwo ti lọ tí mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mẹ́fà mẹ́fà yẹn dùn ún ṣe, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí median bíi pé bọ́ọ̀lù ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá la ṣe tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ti sẹ́ṣọ̀n yìí. Mo ń kó ìwé wọlé, òòrùn ti mú mi, mo kàn fẹ́ jókòó. Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sí mi, wọn ò gbójú sókè, wọ́n ní, "Ti àwọn tí ò tíì ní nọ́ńbà dà?" Wọ́n ti ra fáìlì tuntun fún un, wọ́n kọ déètì sára ẹ̀, orí tábìlì ló wà.